Ipá, Agbára àti Ipá-Ìyípo: Ọ̀rọ̀ Lórí Pípààrọ̀ Kílọ́ọ̀ṣì Ọkọ̀ Eré-Ìje

1. Ìfáárà

Ẹni tí ó bá wa ọkọ̀ láti Ìlógbò-Èkìtì lọ sí ìhà Ìjerò àti Arámọkọ, tí ó sì lọ títí dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, yóò mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń so orúkọ Èkìtì mọ́ òkìtì. Òkè kò tíì tán tí òmíràn fi ń bẹ̀rẹ̀. Lójú irú ọ̀nà báyìí, kílọ́ọ̀ṣì wà lára ohun tí ó máa ń tètè dá awakọ̀ lágara. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, ìmọ̀ràn tí ẹni tí ó ni ọkọ̀ sábà máa ń gbọ́ ni pé kí ó yọ èyí tí ilé-iṣẹ́ fi sí i dànù, kí ó fi èyí tí ó 'lágbára jù' rọ́pò rẹ̀, irú èyí tí àwọn tí ń fi ọkọ̀ sáré ìje ń lò.

Owó kékeré kọ́ ni ìmọ̀ràn yìí yóò ná an. Ohun tí ó tún wá mú ọ̀ràn náà le ni pé ọ̀rọ̀ náà, 'agbára', ń dúró fún ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́nu wa. Bí olùkọ́ tàbí atúmọ̀ kò bá ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, òǹkàwé rẹ̀ lè ra ohun tí kò wúlò fún un.

2. Ọkọ̀ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ

Peugeot 504 ni ọkọ̀ tí ó bá ọ̀ràn yìí mu jù lọ. Ní ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot tí ó wà ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, 504 sì wà lára ọkọ̀ tí wọ́n ń tò pọ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1975 kan náà ni Ove Andersson fi 504 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Ní ọdún 1978, Jean-Pierre Nicolas tún fi 504 borí níbẹ̀, ṣùgbọ́n oríṣi onílẹ̀kùn méjì tí ó ní ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́fà ni tirẹ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ tí ń gbé olùkọ́ àti oníṣòwò kiri ilẹ̀ Èkìtì jẹ́ ìbátan ọkọ̀ eré-ìje. Kò yani lẹ́nu pé àwọn kan fẹ́ fi ohun èlò ìje sínú rẹ̀.

3. Iṣẹ́ tí kílọ́ọ̀ṣì ń ṣe

Kò sí ìdí láti wá orúkọ mìíràn fún kílọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀. Orúkọ náà ti wà lẹ́nu mẹkáníìkì àti awakọ̀. Àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ ni ó yẹ kí a fún ní orúkọ tí yóò fi iṣẹ́ wọn hàn. Kẹ̀kẹ́ irin wíwúwo kan wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì tí ó ń bá a yí; a lè pè é ní kẹ̀kẹ́-ẹ́ńjìnnì. Àwo-àárín ni èyí tí ó so mọ́ ọ̀pá tí ó wọ inú gíà. Àwo-atẹ̀ ni èyí tí sípíríǹgì ń tì láti fún àwo-àárín mọ́ kẹ̀kẹ́-ẹ́ńjìnnì. Bí awakọ̀ bá fi ẹsẹ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, àwo-atẹ̀ yóò dẹ̀yìn, àwo-àárín yóò sì dòmìnira. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò di ọ̀kan, wọn yóò sì jọ máa yí.

Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ni dídènà tí ojú méjì ń dènà ara wọn láti yọ̀ nígbà tí wọ́n bá fi ara gbo ara. Ìfaragbora ni a lè pe èyí. Nígbà tí ìfaragbora kò bá tó mọ́, kílọ́ọ̀ṣì yóò máa yọ̀: ẹ́ńjìnnì yóò máa ké, ọkọ̀ kò sì ní sáré tó bí ẹ́ńjìnnì ti ń yí. Yíyọ̀ yàtọ̀ sí jíjẹ. Jíjẹ ni kí ojú àwo fẹ́lẹ́ sí i. Jíjẹ lè fa yíyọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo kílọ́ọ̀ṣì tí ń yọ̀ ni ó ti jẹ.

4. Ohun mẹ́ta tí a ń pè ní agbára

Ipá ni títì tàbí fífà. Níútìn ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Agbára ni iye iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ipá-ìyípo ni èyí tí ń yí nǹkan po. A ń rí i nígbà tí a bá fi ipá sọ jíjìnnà rẹ̀ sí àárín di ìlọ́po. Mẹkáníìkì tí nọ́ọ̀tì bá le fún máa ń fi páìpù gùn sípánà rẹ̀. Ipá ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀ sí i. Ipá-ìyípo ni ó pọ̀ sí i.

Ipá-ìyípo ni kílọ́ọ̀ṣì ń gbé, kì í ṣe agbára. Ẹ́ńjìnnì lè ní agbára púpọ̀ nítorí pé ó ń yára yí, kí ipá-ìyípo rẹ̀ má sì pọ̀.

5. Ìṣirò

Kí a fi ipá sípíríǹgì sí níútìn 4,000, kí òdiwọ̀n ìfaragbora jẹ́ 0.3, kí ojú ìfaragbora jìnnà sí àárín ní mítà 0.09. Ojú méjì ni àwo-àárín ní. Ipá-ìyípo tí kílọ́ọ̀ṣì náà lè gbé yóò jẹ́:

4,000 × 0.3 × 0.09 × 2 = 216 níútìn-mítà.

Bí ipá-ìyípo tí ó ga jù lọ láti inú ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ 160, kílọ́ọ̀ṣì náà tó, ó sì ṣẹ́kù.

Bí ọ́ìlì bá wá jò sójú àwo, tí òdiwọ̀n ìfaragbora sì wálẹ̀ sí 0.15, 108 péré ni yóò lè gbé. Yóò sì yọ̀. Bí ẹni tí ó ni ín bá ra èyí tí sípíríǹgì rẹ̀ ní ipá níútìn 5,000, tí ọ́ìlì sì tún jò sí i, 135 ni yóò gbé. Yóò tún yọ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: síìlì tí ń jo ni ó yẹ kí ó pààrọ̀, kí ó sì fi àwo tuntun irú ti àtijọ́ sí i.

6. Ọ̀ràn òkè

Àwọn kan yóò sọ pé òkè Ẹ̀fọ̀n kì í ṣe ẹgbẹ́ ilẹ̀ títẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí a ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ tí òun àti ẹrù rẹ̀ jẹ́ kílógíráàmù 1,500, tí ń gun òkè tí ń fi mítà 1 ga nínú mítà 10, ń bá ipá bíi níútìn 1,470 jà. Bí táyà bá jìnnà sí àárín rẹ̀ ní mítà 0.3, ipá-ìyípo tí táyà ń fẹ́ jẹ́ 441. Ní gíà kìíní, tí ẹ́ńjìnnì ń yí bí ìgbà 14 kí táyà tó yí ẹ̀ẹ̀kan, nǹkan bíi 32 ni ó kan kílọ́ọ̀ṣì láti fi dojú kọ òkè náà.

Èyí fi hàn pé òkè kọ́ ni ó ń pinnu bí kílọ́ọ̀ṣì yóò ti le tó. Ipá-ìyípo ẹ́ńjìnnì ni. Ohun tí òkè ń ṣe ni pé ó ń fi àṣà búburú hàn. Awakọ̀ tí ó fi kílọ́ọ̀ṣì di ọkọ̀ mú lójú òkè, tí kò fa bíréèkì ọwọ́, ń jẹ́ kí àwo máa yọ̀ nígbà gbogbo, ooru rẹ̀ a sì jó o. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí kì í gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì nígbà tí ó bá ń lọ.

7. Ìgbà tí pípààrọ̀ tọ́

Bí ẹnìkan bá fi ẹ́ńjìnnì tí ipá-ìyípo rẹ̀ pọ̀ jù rọ́pò ti àtijọ́, kílọ́ọ̀ṣì tí ó le jù di dandan. Kódà nígbà náà, kí ó mọ ohun tí yóò san. Sípíríǹgì líle ń mú kí ẹsẹ̀ wúwo. Àwo tí a fi ìyẹ̀fun irin ṣe ń fara da ooru, ṣùgbọ́n lójijì ni ó ń dì mú. Ọkọ̀ yóò máa ta kìjí nígbà tí ó bá ń gbéra. Pẹ̀lúpẹ̀lù, kílọ́ọ̀ṣì tí ó ń yọ̀ nígbà tí ẹrù bá pọ̀ jù ń gba gíà là. Bí a bá mú un le kọjá ààlà, inú gíà ni ìbàjẹ́ yóò lọ, àtúnṣe gíà sì wọ́n ju ti àwo lọ.

Ìkìlọ̀ kan kù. Ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe ojú àwo àtijọ́, erukú rẹ̀ sì ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró. Kí mẹkáníìkì má ṣe fi ẹnu tàbí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ fẹ́ erukú náà; aṣọ tútù ni kí ó fi nù ún.

8. Àgbálọgbábọ̀

Ní ọdún 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí ó fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Láti ìgbà náà, ó ti hàn pé èdè náà lè gbé irú ìmọ̀ báyìí bí a bá ti pààlà sáàárín ọ̀rọ̀. Bí a bá ti ya ipá, agbára àti ipá-ìyípo sọ́tọ̀, ìbéèrè ẹni tí ó ni ọkọ̀ kò ní jẹ́ 'Èwo ni ó lágbára jù?' mọ́. Yóò béèrè iye ipá-ìyípo tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń mú wá, àti ohun tí ó ń mú kí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ yọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìdáhùn yóò jẹ́ pé kí ó fi ti ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó tún ibi tí ń jo ṣe, kí ó sì máa fa bíréèkì ọwọ́ lójú òkè.