ILÉ TÍ Ń BÁ OLÓWÓ RẸ̀ RÌN

Àwọn àgbà ní ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Àwa tí ilé wa kì í kúrò lójú kan mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kan ń bẹ ní Éṣíà, láàrin Rọ́ṣíà àti Ṣáínà, tí ilé wọn a máa bá wọn lọ nígbà tí wọ́n bá ń ṣí. Àwọn ni darandaran ilẹ̀ Mòǹgólíà, tí ń sin àgùntàn, ewúrẹ́, màlúù, ẹṣin àti ràkúnmí. Yurt ni àwọn àjèjì ń pe ilé náà; ger ni àwọn tí ó ni ín ń pè é, ìtumọ̀ ger kò sì ju ilé lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú àgọ́ yẹpẹrẹ wò ó. Igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi awọ so kọ́ra bí àwọ̀n ni ògiri rẹ̀. A lè fà á gbòòrò, a sì lè ká a pọ̀. Igi rìbìtì kan tí à ń pè ní toono ni adé orí rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀pá òrùlé ti pàdé, ibẹ̀ náà ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Irun àgùntàn ni wọ́n fi ń bò ó: wọn a lù ú, wọn a wọ́n omi sí i, wọn a sì yí i títí yóò fi di aṣọ nínípọn tí ń lé òtútù sẹ́yìn. Gúúsù ni ilẹ̀kùn ń kọjú sí. Ìhà àríwá, ní òdìkejì ẹnu ọ̀nà, ni ìjókòó ọlá. Àlejò tí ó mọ ẹ̀kọ́ kì í fi ẹsẹ̀ tẹ igi ìdábùú ẹnu ọ̀nà. Olú-ìlú wọn pàápàá, Ulaanbaatar, ti rìn rí: ní 1639 ni ó bẹ̀rẹ̀ bí ibùdó ẹ̀sìn tí ó wà nínú ger, ó sì ṣí nípò ju ìgbà 20 lọ kí ó tó fìdí kalẹ̀ ní 1778. Ní 2013, Àjọ UNESCO ka iṣẹ́ ọwọ́ ilé yìí mọ́ ohun àjogúnbá aráyé.

Ilé yìí wà ní títà. Ní ọjà Narantuul ní Ulaanbaatar, ògiri, toono, ilẹ̀kùn, okùn àti ààrò ni ó wà lórí àtẹ. Àwọn oníṣòwò sì ń kó o lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Níhìn-ín ni ó yẹ kí a fọgbọ́n ṣe é. Ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n dá ger fún. Bí a bá gbé e lọ sí ilẹ̀ tí òjò ti ń rọ̀ ní gbogbo ìgbà, irun àgùntàn náà a mu omi, a sì bu, igi rẹ̀ a sì jẹrà, àfi bí a bá fi aṣọ tí omi kò lè là bò ó, kí a sì gbé e ka orí pákó. Oníṣòwò tí kò bá sọ èyí kí ó tó gbowó ti ta àbámọ̀ fún oníbàárà rẹ̀.

Ohun tí ń ṣe ilé náà lókèèrè ń ṣe é ní olú-ìlú tirẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ìṣèjọba ẹgbẹ́ kan ṣoṣo dópin ní 1990, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìjọba dẹnu kọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni dzud ń dé léraléra, èyíinì ni ìgbà òtútù líle tí ẹran kì í rí koríko jẹ. Ní 2009 sí 2010 nìkan, ẹran tí ó kú ju mílíọ̀nù 8 lọ. Darandaran tí agbo rẹ̀ ti run di ger rẹ̀, ó sì pa á sí ẹ̀bá olú-ìlú. Lónìí, nǹkan bí ìdajì gbogbo ará Mòǹgólíà ni ó ń gbé Ulaanbaatar, ọ̀kẹ́ àìmọye wọn sì wà ní àdúgbò ger, níbi tí wọ́n ti ń fi kẹ̀kẹ́ fa omi, tí ṣáláńgá sì jẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn. Omi gbígbóná ń gba inú ọ̀pá lọ mú ilé àwọn tí ń gbé ilé alájà gbóná. Àwọn tiwọn ń dá iná èédú. Èéfín náà bo ìlú, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọdé jẹ́. Ní 2019, ìjọba fòfin de èédú tútù, wọ́n sì fi èédú tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé ger ni ó fa èéfín. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní pápá, ìgbẹ́ ẹran gbígbẹ ni wọ́n ń dáná sí, ilé kan jìnnà sí ekejì, afẹ́fẹ́ a sì gbá èéfín lọ. Ilé kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé a kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ jọ láìsí ọ̀pá omi àti ọ̀nà ìmúlégbóná. Iṣẹ́ àwọn tí ń ṣàkóso ìlú ni láti pèsè ìwọ̀nyí, kì í ṣe ẹ̀bi irun àgùntàn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ wa pé ọgbọ́n ń bẹ nínú ilé tí kò ní sìmẹ́ńtì. Ẹ̀yin tí ń fẹ́ ṣàkóso ìlú, ẹ rántí pé ẹni tí ó bá gba àlejò ni yóò fún un ní omi. Bí a bá gbé ilé lọ sí ibi tuntun, yálà nípa títà tàbí nípa ìṣípò, kí a gbé ohun tí ó mú un dùn gbé lọ pẹ̀lú rẹ̀.