Ọba Jókòó, Olorì Dúró

Lọ́jọ́ kan ní kíláàsì mi ní Yábàá, mo fi àwòrán ààfin Würzburg ní Jámánì han àwọn ọmọ. Tiepolo, ará Ítálì, ló kun àjà rẹ̀ ní 1752 sí 1753. Ó ya Áfíríkà bí obìnrin tó gun ràkúnmí. Ọmọkùnrin kan nàwọ́: "Tíṣà, ṣé àwọn ọba tiwa kò ní irú èyí ni?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí ní akínyẹmí ara. N kò tí ì sọ̀rọ̀ Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ fún wọn!

Láàárín 1910 sí 1914 ló gbẹ́ àwọn òpó fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Òyìnbó kọ ọgbọ́n tirẹ̀ sí àjà. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ẹ sára òpó tó gbé òrùlé ró. Ọba jókòó, ẹyẹ wà lórí adé rẹ̀. Olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ga jù ú lọ fíìfíì. Ṣebí ọwọ́ obìnrin ni adé ń gbà dé orí ọba?

Ilẹ̀kùn ló ká mi lára jù. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ òyìnbó Ambrose sí i, tí àwọn ènìyàn rù ú wá kí Ògògà. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924. Ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ti Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ ẹ. Kábíyèsí kọ owó, wọ́n gba ìtẹ́ tí a kàn ní Ìlú Ọba. Ìtẹ́ kan ṣoṣo! Lọ́ńdọ̀nù ni ilẹ̀kùn náà wà títí dòní. Ọ̀kan nínú àwọn òpó sì dé Chicago ní 1984.

Ọmọ náà ní kí n ya òpó ọ̀hún sójú pátákó. Mo gbìyànjú, orí olorì kò gba ojú pátákó.