Bí A Ṣe Ń Wá Abẹ́rẹ́ fún Giramafóònù

Giramafóònù kò tíì tán ní ilé àwọn àgbà wa. Bí o bá wọ yàrá bàbá àgbà kan, o lè rí i lábẹ́ tábìlì, kí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù sì kún àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ń yí, àwo kò fọ́, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kò sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní kí a ṣáà wá ohun ṣóńṣó kan há sí i lẹ́nu kí orin lè dún. Ohun tí kò yẹ kí o ṣe nìyẹn. Abẹ́rẹ́ tí kò bá àwo mu a máa họ ohùn inú rẹ̀ dànù, èyí tí ó bá sì ti họ kúrò kò ní padà mọ́. Nínú àwọn àwo tí Àbíbù Olúwa, Túndé King àti Àyìndé Bákàrè kọrin sí láyé àtijọ́, èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ lè jẹ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó kù.

Kí o tó jáde lọ wá abẹ́rẹ́, kọ́kọ́ wo àwo tí o fẹ́ gbọ́. Àwo kan wà tí ó nípọn, tí ó wúwo, tí ó sì ń fọ́ bí tánganran bí ó bá já bọ́. Ìgbà 78 ni ó ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Èkejì ni àwo oníke tí ó ń yí ní ìgbà 33 tàbí 45. Ilé-iṣẹ́ Columbia ní Amẹ́ríkà ni ó gbé ti 33 jáde ní ọdún 1948. Ti 45 tẹ̀lé e ní ọdún 1949. Poro tóóró bíi poro ebè ni a gbẹ́ sára gbogbo wọn, òun ni abẹ́rẹ́ ń tọ̀. Poro àwo 78 fẹ̀ ju ti àwo oníke lọ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì sí mẹ́ta. Bí o bá ti abẹ́rẹ́ kékeré bọ poro ńlá, ìsàlẹ̀ ni yóò máa wọ́ lọ, ariwo ni ìwọ yóò sì máa gbọ́. Bí o bá gbé abẹ́rẹ́ ńlá lé poro kékeré, etí poro ni yóò máa ya.

Abẹ́rẹ́ irin ni ti giramafóònù àtijọ́ tí a ń fi ọwọ́ wáíndì. Wọ́n ṣì ń ṣe é títí di òní. Láyé ọjọ́un, igba abẹ́rẹ́ ni ó sábà máa ń wà nínú agolo kékeré kan. Èyí tí ó nípọn ń dún kíkan, èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ń dún jẹ́jẹ́. Ohun tí ó máa ń ya àwọn ọ̀dọ́ lẹ́nu ni pé ojú àwo kan ṣoṣo ni abẹ́rẹ́ irin kan wà fún. Bí ojú kan bá ti tán, jù ú nù, kí o fi òmíràn sí i. Ìdí rẹ̀ nìyí: oje tí kòkòrò kan ń ṣe sára igi ní ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n fi ń ṣe àwo 78, wọ́n sì ń po ìyẹ̀fun òkúta mọ́ ọn. Òkúta yìí ń lọ ẹnu abẹ́rẹ́ títí yóò fi bá poro mu. Ṣùgbọ́n kí àwo tó tán, ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ náà ti mú. Bí o bá tún gbé e padà sí ìbẹ̀rẹ̀ àwo, bí ọ̀bẹ ni yóò máa ṣe. Ẹni tí ó ń ṣahun abẹ́rẹ́, àwo ni ó ń bà jẹ́.

Má ṣe lo abẹ́rẹ́ ìránṣọ, píìnì tàbí sípóòkù kẹ̀kẹ́ tí a pọ́n. Má sì gbé àwo oníke sórí ẹ̀rọ yìí láéláé. Orí rẹ̀ ń tẹ àwo ju ìwọ̀n ọgọ́rùn-ún gíráàmù lọ, bẹ́ẹ̀ gíráàmù mélòó kan péré ni àwo oníke lè gbà.

Ti ẹ̀rọ oníná, ìyẹn ṣénjà àti rédíógíràmù, ni ó ṣòro díẹ̀, nítorí pé orúkọ ẹ̀rọ ni àwọn ènìyàn máa ń bèèrè. Wọ́n á dé ìsọ̀, wọ́n á ní, "Ẹ bá mi wá abẹ́rẹ́ Garrard." Garrard ni ó ṣe ẹ̀rọ, ó lè má jẹ́ òun ni ó ṣe ohun tí ó di abẹ́rẹ́ mú. Wo ìpẹ̀kun apá ẹ̀rọ náà, o ó rí àpótí kékeré kan tí wáyà tín-ín-rín so mọ́ lẹ́yìn. Kátíríìjì ni wọ́n ń pè é. Orúkọ àti nọ́ńbà ara kátíríìjì ni kí o kọ sílẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, kátíríìjì Shure tí a ń pè ní M44-7, N44-7 ni abẹ́rẹ́ rẹ̀. AT3600L ti Audio-Technica, ATN3600L ni tirẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ti pa rẹ́, rọra yọ abẹ́rẹ́ tí ó ti gbó náà, kí o mú un dání lọ bá àwọn tí ń tún rédíò ṣe. Wọ́n á fi ojú rí ohun tí ẹnu rẹ kò lè ṣàlàyé.

Shure ti dẹ́kun kátíríìjì ṣíṣe ní ọdún 2018, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò tán lọ́jà. Ilé-iṣẹ́ JICO ní Jàpáánì ń ṣe é, àti ti ọ̀pọ̀ kátíríìjì mìíràn. (Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ni ilé-iṣẹ́ yìí fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1873.) Bí o bá rí èyí tí o ń wá, bèèrè bóyá sàfírè ni òkúta ẹnu rẹ̀ tàbí dáyámọ́ńdì. Sàfírè kò wọ́n, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ jẹ. Dáyámọ́ńdì a máa lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún wákàtí. Èmi yóò ní kí o ra dáyámọ́ńdì bí owó rẹ bá ká a. Má ra tòkunbọ̀, nítorí pé o kò mọ iye àwo tí ó ti gbọ́. Èyí tí ó ti pẹ́ jù nínú páálí pàápàá, yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, rọ́bà inú rẹ̀ lè ti gan. Bí ó bá sì jẹ́ àwo 78 ni o fẹ́ fi ẹ̀rọ oníná gbọ́, sọ fún oníṣòwò pé ti 78 ni o ń fẹ́. Àwọn kátíríìjì kan ní ẹnu méjì, tí a ń yí padà bí a bá ti pààrọ̀ àwo.

Bí o bá ti fi tuntun sí i, àwo tí o kò kà sí ni kí o kọ́kọ́ fi dán an wò. Tẹ́tí sí i níbi tí olórin bá ti pe "s" tàbí "ṣ". Bí ibẹ̀ bá ń ha létí, yọ abẹ́rẹ́ náà kí o tún un fi sí i, nítorí ó lè má jókòó dáadáa.