Ibi Tí Ijó Àjọjó Ti Ṣẹ̀ Wá

Èrò àwọn onímọ̀ kan nípa ìpilẹ̀ṣẹ̀ ènìyàn ni pé ara ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ orò, ìgbàgbọ́ ló tẹ̀lé e. Ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta. Ohun tí ẹsẹ̀ àti ohùn ń ṣe pọ̀ lọ́jọ́ ọdún ìbílẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ti pẹ́ jùyẹn lọ fíìfíì.

Orí òkúta tí àwọn ìnàkí ń sọ ni àríyànjiyàn nípa ìbẹ̀rẹ̀ orò wà. Ní 2016, Hjalmar Kühl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn pé ní Guinea-Bissau, Guinea, Liberia àti Côte d'Ivoire, àwọn ìnàkí tí wọ́n ń pè ní chimpanzee ń sọ òkúta lu igi. Kámẹ́rà inú igbó ló tú wọn fó. Akọ ìnàkí á gbé òkúta, irun ara rẹ̀ á dìde, á máa mi síwá sẹ́yìn, á ké, á sì sọ òkúta náà lu igi gbàǹgbà. Kò sí oúnjẹ níbẹ̀. Igi kan náà ni wọ́n ń padà sí, títí òkúta fi di òkìtì nídìí rẹ̀. Bí àwọn kan ṣe ń pariwo pé ojúbọ ìnàkí ti dé nìyẹn. Àwọn mìíràn ní rárá, akọ tó ń fi agbára hàn lásán ni. Ní 2019, Ammie Kalan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé igi tí ohùn rẹ̀ rinlẹ̀, tó sì ń pẹ́ kó tó kú, ni wọ́n ń yàn, bí àwọn agbẹ́lù ṣe ń yan igi ọmọ̀. Ìlù borí, ó jọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ojúbọ kò ní sọ pé ọ̀tọ̀ ni ìlù, ọ̀tọ̀ ni ìbọ.

Ní ti ijó, ibòmíràn ni a ó ti wò ó. Ọ̀bọ àti ìnàkí a máa yọ kòkòrò lára ara wọn. Ìyẹn ń so ọ̀rẹ́ pọ̀, àmọ́ ẹnìkan ṣoṣo ni ọwọ́ ń tó lẹ́ẹ̀kan. Robin Dunbar ti Yunifásítì Oxford sọ pé nígbà tí agbo ènìyàn gbòòrò, ẹ̀rín, orin àti ijó ló gba iṣẹ́ náà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára àwọn atukọ̀: lẹ́yìn tí wọ́n jọ tukọ̀ lórí ẹ̀rọ ìdánrawò, wọ́n fara da ìrora ju ìgbà tí kálukú dá ṣe é lọ.

Irú ìṣọ̀kan bẹ́ẹ̀ ni ti àárò, iṣẹ́ oko àjọṣe, tí Líṣàbí, akọni Ẹ̀gbá, fi kó àwọn àgbẹ̀ jọ kí wọ́n tó dìde sí àwọn ìlàrí, aṣojú Aláàfin Ọ̀yọ́. Ọdún tí a jókòó wò lábẹ́ kánópì, tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń dá kọrin, tí gbogbo ọwọ́ sì di fóònù mú, kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.