Ọ̀pá, Òjìji àti Kíbúlà

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, bí ìjọ kan bá fẹ́ fi ìpìlẹ̀ mọ́sálásí lélẹ̀ ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: níbo ni Kíbúlà wà? Àwọn kan á ní ibi tí oòrùn ti ń yọ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì délẹ̀. Ibi tí oòrùn ti ń yọ kì í dúró lójú kan láàárín ọdún, Mẹ́kà náà kò sì sí ní ìlà-oòrùn wa gan-an. Ó fì sí àríwá ní nǹkan bí dígírì 27.

Àwọn ará Íńdíà ayé àtijọ́ ní ọgbọ́n kan. Ìwé wọn, Surya Siddhanta, sọ bí a ṣe ń fi igi gbẹ́ ayé róbótó, tí a ó fi ọ̀pá gún un láàárín, tí a ó wá tẹ ọparun bí òrùka yí i ká, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fojú rí ọ̀nà tí oòrùn ń tọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó wúlò fún wa jù ni ọ̀pá lásán tó ga ní ìbú ìka 12.

Ẹ rì í mọ́ ilẹ̀ tó tẹ́jú, kó dúró ṣánṣán, kí ẹ fa ìlà róbótó yí i ká. Láàárọ̀, òjìji rẹ̀ á gùn kọjá ìlà náà. Bó bá ti ń kúrú bọ̀, ibi tí ṣóńṣó rẹ̀ bá ti kan ìlà, ẹ sàmì síbẹ̀. Lọ́sàn-án, tí òjìji bá tún ń gùn, ibi tó bá ti jáde, ẹ tún sàmì. Okùn tí ẹ bá nà láti àmì kìíní dé èkejì, láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn nìyẹn. Ẹ wá dúró lórí okùn yìí, ẹ gbé ìṣísẹ̀ méjì sí ìlà-oòrùn, kí ẹ yà sí àríwá ní ìṣísẹ̀ kan. Láti ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí ibi tí ẹ dé, ọ̀gangan Kíbúlà ni.

Àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí gba ọgbọ́n yìí, Al-Biruni, tó kọ ìwé ńlá nípa Íńdíà ní nǹkan bí ọdún 1030, sì wà lára àwọn tó ṣàlàyé rẹ̀. Ad-Dáírátul-Hindiyyah ni wọ́n pè é, róbótó àwọn ará Íńdíà. Ẹ ò rí i pé wọn kò fi orúkọ ẹni tó ni ọgbọ́n pamọ́, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ẹlẹ́sìn kan náà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra níbì kan. Ní Ìráàkì, níbi tí wọ́n ti kọ púpọ̀ nínú ìwé wa, àríwá ni òjìji ọ̀sán gangan ń kọjú sí lọ́jọ́ gbogbo. Lọ́dọ̀ tiwa, láti nǹkan bí ọjọ́ 7 oṣù kẹrin títí di ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án, gúúsù ló ń kọjú sí. Ẹni tó bá fi òjìji ọ̀sán wá àríwá ní oṣù kẹfà, ẹ̀yìn ni yóò kọ sí i.

Ẹni tó bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, kó jáde síta ní aago 10:18 àárọ̀ ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún, tàbí aago 10:27 ọjọ́ 16 oṣù keje. Oòrùn á wà lókè Káába gangan. Ẹni tó bá dojú kọ oòrùn ti dojú kọ Kíbúlà. Bí òjò bá ṣú lọ́jọ́ náà, ọjọ́ kejì kò burú.