Ẹ Lọ Wẹ̀ Ní Ìkógòsì, Ṣùgbọ́n Ẹ Mú Oògùn Yín Dání

Ọ̀rọ̀ ìsinmi ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Àwọn àgbà ní ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru tí kò sinmi, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń gbé ìlera náà sọnù.

Ní oṣù kẹta tí ń bọ̀, èmi àti àwọn ará ilé mi ní Gbàgádà níhìn-ín fẹ́ lọ lo ọjọ́ mẹ́ta ní Ìkógòsì-Èkìtì, níbi tí omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ti ń sun láti inú òkè. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi yóò bá wa lọ. Màmá ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, orúnkún ń dùn wọ́n, wọ́n sì ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ọdún 14, yóò bá wa lọ pẹ̀lú. Òun ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde. Bí àwọn aládùúgbò ti gbọ́ ni oníkálùkù ń mú ìmọ̀ràn tirẹ̀ wá. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún Màmá pé bí wọ́n bá ti wọ inú omi náà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀jẹ̀ ríru ti tán nìyẹn, kí wọ́n kúkú fi oògùn sílẹ̀ ní Èkó. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú mi gbé kálàmù, nítorí pé kì í ṣe Màmá nìkan ni a ń sọ irú rẹ̀ fún.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí Ìkógòsì jẹ́. Ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, nínú àfonífojì kan láàárín àwọn òkè tí igbó bò, kò sì jìnnà sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ibẹ̀ fi nǹkan bíi mítà 450 sí 490 ga ju òkun lọ, nítorí náà afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù ju ti Èkó. Ìsun omi méjì ni ó wà níbẹ̀: ọ̀kan lọ́wọ́ọ́rọ́, èkejì sì tutù. Ojú ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbà ṣàn kí wọ́n tó pàdé, ènìyàn sì lè dúró ní ibi ìpàdé wọn kí ó fi ẹsẹ̀ kan sínú gbígbóná, kí ó fi èkejì sínú tútù.

Àwọn ará ìlú ní ìyàwó ọdẹ kan ni àwọn méjèèjì, pé ìyálé àti ìyàwó ni wọ́n di odò: èyí tí inú rẹ̀ máa ń gbóná di omi gbígbóná, onísùúrù sì di omi tútù. Àwọn onímọ̀ nípa àpáta ní tiwọn sọ pé omi òjò ni ó ń gba inú àpáta tí ó sán wọlẹ̀ lọ jìnnà, tí ooru inú ilẹ̀ ń mú un gbóná, tí ó sì tún ń gba ojú sísán mìíràn jáde. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan láti Amẹ́ríkà, John McGee ti ìjọ Onítẹ̀bọmi, ni ó ṣe ibùdó fún àwọn ọ̀dọ́ síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, láti ìgbà náà ni òkìkí ibẹ̀ sì ti ń kàn. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ pé omi náà gbóná tó ìwọ̀n 70, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 37 sí 38 ni àwọn tí ó fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n rí. Bí ara ènìyàn ti ń gbóná náà nìyẹn. Kò lè bó ni lára.

Ǹjẹ́ irú omi bẹ́ẹ̀ ń ṣe ara ní àǹfààní? Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń ṣe é. Bí ènìyàn bá wọ inú omi dé àyà, omi náà a gbé ara rẹ̀ fúyẹ́, ẹrù a sì kúrò lórí orúnkún àti ìbàdí. Ooru rẹ̀ a mú kí iṣan tí ó ti le dẹ̀. Ẹni tí oríkèé ń ro a rí ìtura, oorun a sì dùn ún lálẹ́. Bí a bá fi ti afẹ́fẹ́ òkè àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kún un, ẹni tí ó ti ń jókòó sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ní Gbàgádà lójoojúmọ́ yóò mọ̀ pé òun sinmi.

Ṣùgbọ́n ìtura yàtọ̀ sí ìwòsàn. Kò sí omi kan láyé tí ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru sàn. Ibi tí ẹ̀tàn wà nìyí: bí ara bá wà nínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ a ṣí sílẹ̀, ìfúnpá a sì wálẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí a bá wọn ẹ̀jẹ̀ ẹni náà ní kété tí ó jáde, a lè bá a níwọ̀n tí ó dára, a ó sì ní omi ti wò ó. Kò ní pẹ́ tí yóò fi padà sókè. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dun ènìyàn lára. Ẹni tí ó bá sọ oògùn rẹ̀ nù lè máa rìn, kí ó máa rẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó gbé e ṣánlẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Mo ti sọ èyí fún Màmá lójú gbogbo ilé, oògùn wọn ni mo sì kọ́kọ́ kọ sínú ìwé ẹrù tí a ó dì.

Ọ̀rọ̀ omi gbígbóná kì í ṣe tiwa nìkan. Ìlú kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní Bath, ìwẹ̀ náà ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Àwọn ará Róòmù ti kọ́ ilé ìwẹ̀ síbẹ̀ láti nǹkan bí ẹgbàá ọdún sẹ́yìn, àwọn dókítà ayé àtijọ́ a sì máa rán aláìsàn lọ síbẹ̀. Ní 1978, ọmọbìnrin kan lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún ibẹ̀, kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí, Naegleria fowleri, gba imú rẹ̀ wọ inú ọpọlọ, ó sì kú. Wọ́n ti adágún náà pa fún àwọn tí ń wẹ̀, ó sì di 2006 kí ilé ìwẹ̀ tuntun tó ṣí ní ìlú náà. Àìsàn náà ṣọ̀wọ́n púpọ̀, n kò sì sọ pé ó wà ní Ìkógòsì. Ṣùgbọ́n omi aláìníyọ̀ tí ó lọ́wọ́ọ́rọ́ ni kòkòrò náà fẹ́ràn níbi gbogbo láyé, ìṣọ́ra kò sì ní kí a san kọ́bọ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi nìyí fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń múra àtilọ:

Èkínní, ẹ lọ rí dókítà yín ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Àwa ti Gbàgádà ní ilé-ìwòsàn ìjọba nítòsí, kò sí àwáwí. Ẹni tí àìsàn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe kò gbọdọ̀ wọ omi láìgba àṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni aboyún kò gbọdọ̀ ṣe é láìbèèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀.

Èkejì, ẹ kó oògùn tí yóò ju ọjọ́ ìrìn-àjò lọ, kí ẹ fi í sínú àpò ọwọ́, kì í ṣe sínú bùútù ọkọ̀. Àwọn àgbà tí oògùn wọn ń mú wọn tọ̀ máa ń fò ó lọ́jọ́ ìrìn-àjò. Ẹ bi dókítà ní àkókò tí ó yẹ kí ẹ lò ó, ẹ má fò ó.

Ẹ̀kẹta, ìṣẹ́jú 15 sí 20 tó nínú omi gbígbóná. Ẹ má mu ọtí ṣáájú. Ẹ rọra dìde, ẹ di nǹkan mú, nítorí òòyì lè kọ́ àgbàlagbà bí ó bá dìde wéré, ilẹ̀ ibẹ̀ a sì máa yọ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà, kí ó yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò kí ó tó wọlé. Bí egbò bá wà níbẹ̀, kí ó má wọ omi. Bí ó bá ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlìn, kí ó mọ̀ pé ooru a máa mú kí oògùn náà tètè ṣiṣẹ́, kí ó sì ní nǹkan dídùn nítòsí.

Ẹ̀karùn-ún, ọmọ tí ó ní fòníkú-fọ̀la-dìde kò gbọdọ̀ fo láti inú omi gbígbóná sínú tútù, bí ó ti wù kí ó wu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó. Òtútù a máa fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ìrora a sì dé. Bí ó bá ti jáde, kí a nù ún gbẹ, kí a wọ súwẹ́tà fún un, kí ó sì mu omi dáadáa. Nítorí tirẹ̀ ni a ṣe yan oṣù kẹta, nígbà tí ọyẹ́ ti lọ, tí òjò ńlá kò sì tí ì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, ẹ má ri orí sínú omi, ẹ má sì jẹ́ kí omi wọ imú. Ẹ má mu omi tí ènìyàn ń wẹ̀ nínú rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ní oògùn ni. Ẹ má fi ọmọdé sílẹ̀ nínú omi láìsí àgbà.

Ní ti ọ̀nà, láti Gbàgádà a ó gba Ọ̀jọ́ta bọ́ sí ọ̀nà Ìbàdàn, kí a tó kọjá sí Ifẹ̀, Iléṣà àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ó lé ní 250 kìlómítà, nítorí náà ẹ jí lọ kí ilẹ̀ má baà ṣú yín sórí òkè. Ẹ máa sọ̀kalẹ̀ ní wákàtí méjì-méjì kí ẹ rìn díẹ̀, nítorí ìjókòó pípẹ́ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì ní ẹsẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ láago kí ẹ mọ̀ bóyá yàrá àti ibi ìwẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹ mú àpò ẹ̀fọn dání. Bí nǹkan bá ṣe ẹnikẹ́ni, ilé-ìwòsàn Wesley Guild wà ní Iléṣà lójú ọ̀nà, ilé-ìwòsàn ńlá sì wà ní Adó-Èkìtì.

Ẹ jẹ́ kí n dánu dúró níhìn-ín. Omi Ìkógòsì dára fún ìgbádùn àti ìtura, ẹ lọ wẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ń nu ara yín gbẹ, kí ẹ mú oògùn yín jáde kí ẹ lò ó ní àkókò rẹ̀. Bí ẹ bá padà dé, kí ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ yín lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, kí ó sì jẹ́ dókítà ni yóò sọ bóyá kí oògùn dín kù tàbí kí ó má dín kù. Ire o.