Kìnnìún tó ń jẹ ewébẹ̀ lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù!

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin ọlọ́jà! Bí ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà bá dé, oníṣòwò á so ewébẹ̀ létúùsì àti àpò pupa tówó wà nínú rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ìlù á máa dún, kìnnìún á jó dé, á já ewébẹ̀ náà jẹ, á sì tu ú káàkiri. Kí nìdí? Lédè Kantoní, orúkọ létúùsì dún bí “kówó máa bímọ.” Owó inú àpò, ti àwọn oníjó ni.

Èèyàn méjì ló wà lábẹ́ aṣọ. Ẹni iwájú gbé orí, ẹni ẹ̀yìn tẹ̀ ba. Kò sẹ́ni tó ń rójú ẹni ẹ̀yìn, àmọ́ bó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, kìnnìún ṣubú nìyẹn!